Àsè Lábánì: Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àlùfáà àti pásítọ̀ tí ẹ ń jókòó sórí ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó nínú ìjọ, láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣàgámù, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ kú wàhálà lórí àwọn ọmọ tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ bí gbogbo wọn.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ń ṣe ní Ṣàgámù. Ìwé tí ẹ máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àfẹ́sọ́nà, èyí tí ẹ fi ń mọ̀ bóyá AA ni ènìyàn tàbí AS (ìyẹn genotype, irú ẹ̀jẹ̀ tí ènìyàn jogún lọ́dọ̀ òbí; AS méjì tó bá fẹ́ra lè bí ọmọ SS, tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde), ọ̀dọ̀ irú wa ló ti ń jáde. Kí ó tó dé iwájú yín, ẹnu káńtà wa ló ti kọ́kọ́ kọjá, ẹnu káńtà yẹn náà ni wọ́n ti máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ bi wá pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò lè bá wa kọ AA síbẹ̀?"

Àwọn tó ń béèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìta. Ọmọ yín ni wọ́n. Òmíràn wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, òmíràn ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ràn ara àwọn, pé pásítọ̀ ò ní so àwọn pọ̀ bí èsì bá jáde bó ṣe rí. Àwọn kan á tún fi kún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ o." Ẹni tí wọn ò fẹ́ kó mọ̀ yìí, àfẹ́sọ́nà wọn ni. (Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní sọ ìtàn tí ẹnikẹ́ni lè fi dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Ohun tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi mọ̀ ọ́n.)

Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní nítorí ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ yẹn ló mú mi kọ lẹ́tà yìí sí yín, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àgbà, kì í ṣe sí àwọn, torí mo mọ ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ.

Nínú ìjọ wa, bí ọ̀rọ̀ tó le bá ti bẹ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ Bíbélì kan wà tí kì í pẹ́ dé ẹnu àgbà: ìfẹ́ ni yóò bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Akápò ná owó ìkórè, wọ́n ní ká fi ìfẹ́ bò ó. Ọkùnrin kan ń lu ìyàwó rẹ̀ nílé, wọ́n ní ká fi ìfẹ́ bò ó. Ọmọkùnrin ti ní ọmọ síta kó tó wá tọrọ ọmọ ọlọ́mọ, gbogbo àgbà ìjọ mọ̀, àfi ìyàwó ojú ọ̀nà nìkan ni ò mọ̀, ìfẹ́ náà ni wọ́n fi bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ padà ka lẹ́tà kìn-ín-ní Pétérù orí kẹrin yẹn. Kò síbi tí àpọ́sítélì ti ní ká bo òtítọ́ mọ́ ẹni tí yóò jìyà rẹ̀ lójú. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló lágbára láti bo ẹ̀ṣẹ̀, ìdáríjì ló sì fi ń bò ó. Ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ṣẹ òun, kí ló fẹ́ dárí ẹ̀ jì?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Jẹ́nẹ́sísì orí 29. Ọdún méje ni Jékọ́bù fi sin Lábánì nítorí Rákẹ́lì. Ọjọ́ pé, Lábánì pe gbogbo ará ibẹ̀ jọ, ó se àsè. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó mú Léà wọlé tọ Jékọ́bù lọ. Ilẹ̀ mọ́, Jékọ́bù rí i pé Léà ni. Gbogbo wa la mọ ìtàn náà, bí a bá sì ń wàásù rẹ̀, ara Jékọ́bù la máa ń wò, pé ẹni tó fi awọ ewúrẹ́ tan bàbá rẹ̀ jẹ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlẹ́tàn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ibi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ni àwọn tó jẹun níbi àsè yẹn.

Nígbà tí Jékọ́bù figbe ta, èsì tí Lábánì fún un ni pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlú àwọn, a kì í fi àbúrò fọ́kọ ṣáájú ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbọ́ ná. Bó bá jẹ́ àṣà ìlú ni, ará ìlú mọ̀ ọ́n. Àwọn tí wọ́n pè síbi àsè mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ṣì wà nílé tí kò tíì lọ́kọ. Wọ́n mọ ohun tí àṣà wí. Wọ́n sì mọ èwo nínú àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ni àlejò yẹn ti ń torí ẹ̀ da ẹran láti ọdún méje, torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pamọ́ ní abúlé. Bíbélì ò sọ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn pe Jékọ́bù sẹ́yìn ògiri kó bi í pé, "Àlejò, ṣé wọ́n ti ṣàlàyé àṣà ibí fún ọ?" Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n kí i kú oríire, wọ́n lọ sílé. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kórìíra Jékọ́bù. Ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀ ni lójú wọn, Lábánì sì jẹ́ ẹni ńlá.

Ta ló wá jìyà rẹ̀? Jékọ́bù fi ọdún méje mìíràn kún un, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Léà ni ìyà náà lẹ̀ mọ́ jù. Bíbélì ò fi bò: OLÚWA rí i pé a kórìíra Léà. Nígbà tó bí Rúbẹ́nì, ó ní nísinsìnyí ọkọ òun yóò fẹ́ràn òun. Nígbà tó bí Léfì, ó ní lọ́tẹ̀ yìí ọkọ òun yóò fara mọ́ òun, torí òun ti bí ọmọkùnrin mẹ́ta fún un. Àwa Yorùbá tí à ń wo ilé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ó yẹ kí orúkọ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn dùn wá. Obìnrin tó ń fi orúkọ ọmọ bẹ ọkọ! Léà ò sì béèrè fún ẹ̀tàn yẹn. Ohun tí bàbá rẹ̀ àti gbogbo àdúgbò fi sílẹ̀ láìsọ ni wọ́n dì lé e lórí wọ ilé ọkọ.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa níbí. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ á kọjá. Wọ́n á mú ọjọ́, wọ́n á san owó hóòlù, wọ́n á yan aṣọ ẹbí. Ìyá ìyàwó á ti pín in kárí ẹgbẹ́ àti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á ti fún alága ìdúró lówó àsansílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ Ìjẹ̀bú: kí ẹlòmíràn tó mọ orúkọ ọkọ ìyàwó, ó ti mọ àwọ̀ gèlè. Nígbà tí gbogbo ìyẹn bá ti tán, tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkéde ìgbéyàwó nínú ìjọ, ìgbà yẹn ni fọ́ọ̀mù yín á tó jáde pé kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ òtítọ́ lákòókò yẹn? Bí wọ́n bá sọ ọ́, gbèsè ni, ìtìjú ìdílé méjì ni, ọ̀rọ̀ ẹnu ará àdúgbò ni. Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má bínú, ẹ̀yin gan-an lẹ gbé irọ́ kalẹ̀ fún wọn, tí ẹ tún wá ń yẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n á fọwọ́ kàn án.

Àwọn bàbá ńlá wa tí wọn ò gbọ́ orúkọ Jésù rí ń ṣe èyí dáadáa jù wá lọ. Kí ìdílé kan tó fọmọ fún ìdílé kejì, wọ́n á wádìí. Wọ́n á béèrè wárápá, wọ́n á béèrè ẹ̀tẹ̀, wọ́n á béèrè wèrè, wọ́n á béèrè olè àti gbèsè. Alárinà ló ń rìn ín. Bí ìwádìí ò bá dára, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ra aṣọ. Mi ò sọ pé ìwádìí àtijọ́ ò ní àbùkù o. Wọ́n ti torí wárápá ìyá ìyá ẹnì kan ba ti ọmọ tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ á kọ́kọ́ béèrè. Ogun Ìmágbọ̀n ọdún 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ló ṣí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sílẹ̀ gbayawu fún ìhìnrere. Díẹ̀díẹ̀ ni ìjọ sì ń gba iṣẹ́ alárinà lọ́wọ́ ẹbí. A gba òrùka, a gba aṣọ funfun, a gba kéèkì. Ìwádìí ni a fi sílẹ̀, a fi fọ́ọ̀mù dípò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwé tí à ń torí ẹ̀ parọ́ yìí ń wí, torí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ tó ń béèrè rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n tán. Ẹni tó jẹ́ AS kò ṣàìsàn. Ara rẹ̀ le koko. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS ní orílẹ̀-èdè yìí, nítorí pé S ẹyọ kan yẹn ti ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà tó le láti ìrandíran, ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí. Ìgbà tí AS bá fẹ́ AS ni ọ̀rọ̀ di méjì. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ló wà pé kí ọmọ jẹ́ SS. Oyún kọ̀ọ̀kan ni mo wí. Àwọn kan gbà pé bí àkọ́bí bá ti gba ti SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ mẹ́rin lè jẹ́ SS mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì lè má sí ẹyọ kan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni AS àti AC, torí ọmọ wọn lè jẹ́ SC, ìyẹn náà sì ní ìrora tirẹ̀; ọ̀pọ̀ àgbà ìjọ ni kò mọ̀ pé C wà rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lọ́dọọdún ní Nàìjíríà. Mo gbà pé púpọ̀ nínú àwọn tí àwọn ìyá ńlá wa pè ní àbíkú, tí wọ́n sọ ní Málọmọ́, tí wọ́n fi abẹ sàmì sí lára, fòníkú-fọ̀ladìde ló mú wọn lọ. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn ò mọ̀. Àwa mọ̀.

Mo mọ èsì tí àwọn kan nínú yín máa fún mi, torí mo ti gbọ́ ọ lórí pẹpẹ: Ọlọ́run lè yí AS padà sí AA. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn agbára Ọlọ́run. Ohun tí ojú mi rí lẹ́nu iṣẹ́ ni mo lè sọ. Bí ìwé ẹnì kan bá sọ AS lónìí, tó sì sọ AA lọ́jọ́ mìíràn, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò: ọ̀kan nínú àyẹ̀wò méjèèjì ni wọn ò ṣe dáadáa, tàbí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí i lára láìpẹ́, tàbí kẹ̀, ohun tí mò ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ti gba owó lẹ́nu káńtà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ gbà pé iṣẹ́ ìyanu ti ṣẹlẹ̀. Kí ló wá dé tí ẹni tó ní irú ẹ̀rí ńlá bẹ́ẹ̀ ò lè sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ fẹ́? Ẹ̀rí tí à ń sá fún àfẹ́sọ́nà ẹni, ìgbàgbọ́ kọ́ ló wà nídìí rẹ̀.

Lórí èyí, ìlú wa ní ìtàn kan. Ní 1918, lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn influenza, ẹgbẹ́ àdúrà kan bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Ṣadare wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Wọ́n gbà pé àdúrà ni ìwòsàn, wọn ò fẹ́ oògùn, wọn ò sì fara mọ́ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Nígbà tó fi máa di 1922, wọ́n ti kúrò nínú ìjọ náà. Ara gbòǹgbò tí Christ Apostolic Church ti hù nìyẹn. Èmi tí mò ń jẹun lẹ́nu iṣẹ́ ìlera kò lè bá wọn gbà lórí oògùn, mo sì ní ìdí púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí ohun kan: wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́ lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì fara mọ́ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọmọ ìjọ tó ń kéde ìwòsàn lórí pẹpẹ lónìí, tó sì lọ ra èsì àyẹ̀wò lọ́la, kò gbọdọ̀ fi àwọn wọ̀nyẹn ṣe àwíjàre.

Ibi tó kàn ni ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan sáré wá kúnlẹ̀ níwájú Jésù, ó béèrè ọ̀nà ìyè. Mátíù kọ ọ́, Lúùkù kọ ọ́, ṣùgbọ́n Máàkù nìkan, ní orí 10, ló fi gbólóhùn kan sí i: Jésù wò ó, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì wí fún un pé, ohun kan ló kù ọ́ kù. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sọ fún un. Kò sí "ṣùgbọ́n" láàrin méjèèjì. Ọ̀rọ̀ náà sì le. Inú ọkùnrin náà bàjẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Jésù ò sáré tẹ̀ lé e pé kó padà wá, pé kó fi ìdajì ohun tó ní sílẹ̀ kó tó. Ó jẹ́ kó lọ pẹ̀lú òtítọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bẹ̀rù pé bí ẹ bá tẹnu mọ́ òtítọ́, àwọn ọmọ á kó lọ sí ìjọ ìsàlẹ̀ òpópónà tí wọn kì í béèrè nǹkan kan, ẹ dákun ẹ ka ẹsẹ̀ yẹn. Àwọn kan á lọ. Mi ò ní parọ́ fún yín pé wọn ò ní lọ.

Ẹ tún wo ibi tí Jésù ti mú òfin ńlá yẹn pé kí á fẹ́ ọmọnìkejì wa gẹ́gẹ́ bí ara wa. Léfítíkù 19 ni, ẹsẹ 18. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lórí. Ẹ gbé ojú sókè sí ẹsẹ 17 tó wà lórí rẹ̀: má ṣe kórìíra arákùnrin rẹ ní ọkàn rẹ, kí o bá a wí, kí o má baà jẹ̀bi nítorí rẹ̀. Ohun tí òfin náà fi ṣáájú ìfẹ́ nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ tí kò wí, ẹ̀gbẹ́ ìkórìíra ni ẹsẹ̀ yẹn to orúkọ rẹ̀ sí, bó ti wù kí ó máa rẹ́rìn-ín músẹ́ tó.

Mo mọ̀ pé òtítọ́ náà ní àwọn tó ń bà á jẹ́. Bàbá kan wà nínú gbogbo ìjọ tó jẹ́ pé, bó bá ti ní "èmi kì í bẹ̀rù, òtítọ́ ni mo máa ń sọ," kí ẹ yára gbé ọmọ yín kúrò nítòsí. Èébú ló fẹ́ bú. Ẹ má jẹ́ kí irú wọn wọ ìgbìmọ̀ yín, bó ti wù kí owó tó ń dá níbi ìkórè pọ̀ tó. Àwọn kejì burú ju ìyẹn lọ, ìyẹn àwọn tí kò lè pa ẹnu mọ́. Ọmọbìnrin kan sọ fún ìgbìmọ̀ pé AS ni òun. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ti mọ̀, ìyá ọmọkùnrin tí kò tilẹ̀ tíì wá tọrọ rẹ̀ náà ti mọ̀. Ẹ sọ fún mi, ta ló tún fẹ́ sọ òtítọ́ níwájú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀? Mátíù orí 18 ní láàrin ìwọ àti òun nìkan. Òótọ́ ni pé Pọ́ọ̀lù bá Pétérù wí lójú gbogbo ènìyàn ní Áńtíókù, ṣùgbọ́n lójú gbogbo ènìyàn náà ni Pétérù ti dìde kúrò nídìí oúnjẹ àwọn Kèfèrí. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ọmọ ènìyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbangba. Ẹni méjì ló ni ín, bóyá pẹ̀lú àgbà méjì tí wọ́n fọkàn tán.

Ọ̀rọ̀ genotype ni mo ń tẹnu mọ́ torí òun ni mo mọ̀. Ẹ̀yin mọ àwọn yòókù: gbèsè tí ọkọ ìyàwó jẹ káàkiri, iṣẹ́ tó ní òun ń ṣe ní Èkó tí kò ṣe, ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Àgọ́-Ìwòyè tí wọ́n ń pè ní àbúrò. Mi ò ní gbé wọn yẹ̀wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ bá ti lè sọ èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yin náà á rí i pé ẹnu á gbà láti sọ ìyókù.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ gbé àyẹ̀wò náà síwájú. Ẹ má fi dúró de àwọn tó ti mú ọjọ́. Ẹ máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ láti kíláàsì ìgbọ́wọ́lé, láti ìpàdé ọ̀dọ́, kí ọmọ mọ ohun tí òun jẹ́ kó tó mọ ẹni tí òun fẹ́. Nígbà tí ẹni méjì bá sì kọ́kọ́ wá sọ fún pásítọ̀ pé àwọn ń fẹ́ra, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ béèrè, kí ẹnikẹ́ni tó rìn lọ mọ ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì, ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí wọ́n jọ jókòó, kí ọ̀kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀ fún èkejì, kí ìwé tó wọ fáìlì. Ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ìwé lè parọ́ fún ìgbìmọ̀. Ó ṣòro díẹ̀ láti wo ojú ẹni tí o fẹ́ fẹ́ kí o sì parọ́ fún un níwájú Bíbélì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé àwọn kan lè ṣe é.

Bí àwọn méjì bá jẹ́ AS ńkọ́, tí wọ́n sì ní àwọn ṣì ń fẹ́ra? Ibí yìí ni èmi àti ọ̀pọ̀ nínú yín ò ti ní fẹnu kò. Bí ọmọ mi ni, mo máa bẹ̀ ẹ́ kó jáwọ́, mo sì máa sọ ìdí fún un láìfi nǹkan kan pamọ́: òru tí egungun ń ro ọmọ, owó oògùn, ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ò lè lọ déédéé. Ọ̀pọ̀ á jáwọ́ bí wọ́n bá gbọ́ ọ lásìkò. Ṣùgbọ́n ìjọ tó bá ti kéde pé òun máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá sọ òótọ́, ìjọ náà ti fi owó sí àpò àwọn tó ń ta AA lẹ́nu káńtà. Mo fẹ́ kí ẹ bá wọn jókòó pẹ́, kí ẹ bá wọn sunkún bó bá gba ẹkún, kí ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mi ò fẹ́ kí ó jẹ́ ìbẹ̀rù yín ló ń lé wọn wá bá mi.

Ó ku àwọn tó ti ṣe é. Wọ́n wà nínú ìjọ yín, wọ́n jókòó ní àga kẹta láti iwájú, wọ́n ti fi irọ́ wọlé, ọ̀kan nínú wọn ló mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ọ̀nà tí wọ́n lè gbà sọ ọ́ jáde láìsí pé wọ́n dójú tì wọ́n, torí ọmọ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ìyá bá ti mọ̀ pé ewu wà, wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò láti kékeré. Wọn ò ní dúró títí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ á fi wú, kí wọ́n tó máa sáré láti ilé ìwòsàn dé ilé àdúrà. Oògùn penicillin wà tí wọ́n ń fún ọmọ SS láti oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ títí di bí ọmọ ọdún márùn-ún, kí àìsàn kòkòrò má baà pa á. Folic acid wà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà. Ìdènà ibà wà. Hydroxyurea wà fún àwọn tí ìrora wọn pọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń dàgbà, wọ́n ń lọ sí yunifásítì, wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó tiwọn. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé wọn ò tètè mọ̀, ìdí tí wọn ò sì fi tètè mọ̀ nígbà mìíràn ni pé bàbá tàbí ìyá kan ń bẹ̀rù kí ọkọ tàbí aya má lọ bi òun pé, "Ṣé o mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

Bí ìgbìmọ̀ kankan bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìlera wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín. Àwọn kan nínú wa ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ kàn má mú un sí ọjọ́ Sátidé, torí ọjọ́ ìgbéyàwó ni.

Èmi ni tiyín nínú Olúwa,
Òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan, Ṣàgámù.